Gìtá Tó Ń Kùn

A kò ní sọ̀rọ̀ ìdánwò lónìí. Ọ̀rọ̀ gìtá la mú wá, ẹni tí kò bá sì ta gìtá rí, kó má tíì sá lọ, torí ọ̀rọ̀ àmì ohùn wà nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ kọ èyí. Ọ̀kan nínú wa ń ta gìtá, ọ̀kan ń lu gángan (kì í ṣe ọmọ Àyàn o, kíláàsì ló ti kọ́ ọ), ẹnì kẹta ló ń kọrin, òun náà ló sì ń ru amp. Fún ọdún méjì gbáko, gìtá tí à ń lò kì í ṣe tiwa. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò ló yá wa. Gìtá dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, humbucker méjì ló sì wà lára rẹ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí o bá fọwọ́ kan okùn kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ á jáde bí ẹ̀kọ gbígbóná, á máa ṣàn, á sì bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ìka bá yọ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tó yá, físà ẹ̀gbọ́n wa jáde. Ó já pa lọ sí Kánádà, ó sì gbé gìtá rẹ̀ dání. A sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni a dì mọ́, ṣùgbọ́n àpótí gìtá ni ojú wa wà.

Ibẹ̀ ni gìtá Bàbá ti wọ ọ̀rọ̀.

Bàbá ẹni tó ń ta gìtá nínú wa ti fi gìtá jẹun rí. Ní àwọn ọdún 1980, ó wà nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ní Mushin. Ọjọ́ Sátidé kan kì í kọjá kí wọ́n má lọ ṣeré lóde ìnáwó, láti Ìdí-Òrò títí dé Ṣómólú. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. A dúpẹ́, ẹsẹ̀ ti ń rìn, ẹnu sì ń sọ̀rọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì kò lè tẹ okùn mọ́. Gìtá rẹ̀ wá ń gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀dà Stratocaster tí wọ́n ṣe ní Japan ni, funfun ni tẹ́lẹ̀, ó ti di àwọ̀ ògì. Single-coil mẹ́ta ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tó gbọ́ pé a kò ní gìtá mọ́, ó fà á jáde, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ máa lò ó. Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín. Mo máa pé ọdún márùndínláàádọ́rin lóṣù mẹ́ta òní, n kò sì fẹ́ kéèkì. Kí gìtá yìí pe ìyá mi fún mi lọ́jọ́ náà. Ó tó."

Ìyá Bàbá ti dolóògbé tipẹ́. Ohun tí Bàbá ń sọ ni pé nígbà ayé eré rẹ̀, kí òde tó tú, gìtá rẹ̀ máa ń pe oríkì ìyá náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí gángan ṣe ń pe èèyàn. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní, "Ó ti pe ìyá ẹ̀, ó ti tán nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ." A ní kò sí wàhálà. Oṣù mẹ́ta kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan ti tó wa.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ so ó mọ́ amp, a rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kí ọwọ́ tó kan okùn rárá ló ti ń kùn, yùn-ùn-ùn, bí ìgbà tí wọ́n ká ilé oyin mọ́ inú pákó. A pààrọ̀ wáyà. Ó ń kùn. A gbé amp ẹlòmíràn wá. Ó ń kùn. A pa gílóòbù gbọọrọ tó wà lókè, ó dín díẹ̀. A pa fáànù, òógùn bò wá, ó ṣì ń kùn. Èyí tó wá dùn wá jù ni ohùn gìtá náà fúnra rẹ̀. Ó tín-ín-rín. Orin tí a ti ń ta fún ọdún méjì dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ta á, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Gbogbo ìka tó kọsẹ̀ la gbọ́. Gbogbo ibi tí a ti ń sáré ju ìlù lọ la gbọ́. A rò pé gìtá náà burú ni, ó pẹ́ kí a tó gbà pé àwa la burú.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Pickup ni ohun tó wà lábẹ́ okùn gìtá oníná tó ń gbọ́ ohùn. Irin òòfà ni, tí wọ́n wé wáyà bàbà tó fẹ́lẹ́ bí irun mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà náà, iná kíún á máa sáré nínú wáyà yẹn, òun ni amp ń sọ di ohùn. Ẹyọ wáyà wíwé kan ni single-coil. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í ṣe okùn nìkan ló ń gbọ́. Iná ilé wa, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ògiri ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gbọ́ ìyẹn náà. Fáànù, gílóòbù, ṣájà fóònù, gbogbo wọn ló ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Ní 1955, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seth Lover, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n sí i. Ó to wáyà wíwé méjì tira wọn, ó wé èkejì ní òdì sí èkíní, ó sì yí òòfà wọn padà síra. Ariwo tó bá ti ìta wọlé á bọ́ sínú méjèèjì, wọn á sì pa á láàárín ara wọn. Ohùn okùn ní tirẹ̀ á wá di ìlọ́po, á nípọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní humbucker: ohun tó ń lé kíkùn.

Ẹ mọ̀ wá náà, a ò lè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká má fún un lórúkọ. Ọ̀kan nínú wa ní ká pè é ní apàkùn. Ó dára létí. Ẹnì kejì wá bi í pé bí ẹnì kan bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ńkọ́, "apakun", ta ló máa mọ̀ bóyá ariwo ló ń pa ni àbí ó ń ṣọdẹ ikún kiri oko ẹ̀pà? A fi humbucker sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó dá orúkọ yẹn lábàá ṣì ń bínú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti sú wa. Bàbá ti ní ká ṣe é bó bá ṣe wù wá, àbí? A gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún gìtá ṣe ní Ojúẹlẹ́gba. Ó ní humbucker kan tí wọ́n yọ lára gìtá tó kán lọ́rùn, owó tó pè kò sì ga jù wá lọ. Ó tú síkúrù ike pẹlẹbẹ tó bo ojú gìtá, ó gbé e sókè, ó wo inú rẹ̀.

"Ihò yìí kéré. Mo máa gbẹ́ igi yìí kúrò, láti ibí dé ibí." Ó fi àtàǹpàkò wọn ọ́n.

Ibi tó fi àtàǹpàkò sí gan-an, wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan sára igi náà: lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Bàbá, àti 1984. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó wà níbẹ̀. Bóyá Bàbá náà ti gbàgbé. Ọ̀gá ti mú irin ìgbẹ́gi lọ́wọ́, ó ń retí ìdáhùn wa. Ọ̀rẹ́ wa wo ọ̀rọ̀ yẹn títí, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ má gbẹ́ ẹ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa méjì tó kù kò bi í léèrè.

Ọ̀gá kò bínú. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun fi bàbà tó fẹ́lẹ́ bíi bébà (bàbà o, kì í ṣe bàbá) bo inú ihò náà yí ká, kí òun sì fi òjé jó wáyà kan tó ti já padà sáàyè rẹ̀. "Kíkùn yẹn á dín. Kò ní tán. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé."

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Mushin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ẹni tó ń kọrin ní owó la fi ṣòfò, kí ni bàbà fẹ́ ṣe? Àmọ́ ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Agege Motor Road ni. Ibẹ̀ ni ilé Fela wà, Kalakuta tí àwọn sójà dáná sun ní oṣù kejì ọdún 1977, Ìdí-Òrò sì ni Empire Hotel wà, níbi tí ó ti ń ṣeré ní Afrika Shrine. Onílù wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣe gìtá Fela nínú ọkọ̀, tenor guitar lọ́tọ̀, rhythm guitar lọ́tọ̀, àwọn èrò ń wò wá. Gìtá kọ̀ọ̀kan ń tún gbólóhùn kékeré kan sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, ọ̀kan kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Jùjú náà nìyẹn. Ẹ fetí sí Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, kí ẹ gbìyànjú láti ka gìtá tó wà níbẹ̀, láìtíì ka èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù tẹ́ sórí ìdúró, tó ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀. Bí gbogbo gìtá yẹn bá nípọn bí ẹ̀kọ, wọn á lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà àná, gángan kò sì ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀.

A tún rántí ohun kan tí a kà fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní ìgbà Túndé King, ní àwọn ọdún 1930, jùjú kò mọ iná. Ìparí àwọn ọdún 1940 ni gángan wọ inú rẹ̀, ìgbà yẹn náà ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná gbé ohùn gìtá tirẹ̀ sókè, ní nǹkan bí 1949. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wọlé ni. Gìtá kò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀. A ti ka èyí, a ti gba máàkì lórí rẹ̀, kò sì sí èyí tó wọ̀ wá lára títí a fi jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń bá wa jókòó. Kì í kọ́ wa ní bí a ṣe ń fi ìka. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wá. Ọmọ rẹ̀ á ta á, Bàbá á di ojú, á ní, "Kí ló sọ?"

"Oríkì Màmá ni, sà."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ojú tì wá, torí iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. A kò ní kọ oríkì ìyá Bàbá síbí, ti ilé wọn ni, ṣùgbọ́n ẹ gbà kí á fi òmíràn ṣàpẹẹrẹ. Ẹ fi dò, re, mí wọn Àbẹ̀kẹ́: dò dò mí. Àjọkẹ́: dò re mí. Àníkẹ́: dò mí mí. Ìtumọ̀ wà nínú ìdúró ohùn, ọmọ ọdún kìíní ní ẹ̀ka wa mọ èyí. Ohun tí a gbàgbé ni pé ẹnikẹ́ni kì í pe Àbẹ̀kẹ́ kí "kẹ́" yẹn fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gun àga. Bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè bọ̀. Ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ ni. Onígángan ń fi okùn ìlù fún un. Lórí gìtá, ìka gbọ́dọ̀ yọ́ láti ìsàlẹ̀ kó tó dúró, kó sì dúró gírí. Lórí gìtá ẹ̀gbọ́n wa àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí a fi ń mú ohùn ha, yíyọ́ yẹn ń rì sínú ariwo, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sórí ìrù èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gìtá Bàbá kò bo nǹkan kan. Bí ìka bá yọ́ jù, o ti pe ìyá oníyàá. Àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, gìtá wa ti ń kọ̀wé láìfi àmì sí i fún ọdún méjì.

Àwọn nǹkan mìíràn rọrùn díẹ̀. A yọ gbogbo ẹ̀rọ ìmóhùn-ha kúrò. A dín ohùn tó ń gún etí kù lórí amp, a fi kún ti àárín. A ti síkúrù pickup wálẹ̀ díẹ̀, torí bí òòfà bá sún mọ́ okùn jù, ó ń fà á, ohùn á máa wọ́. Ìka dun ọ̀rẹ́ wa, torí okùn Stratocaster gùn ju ti gìtá àkọ́kọ́ lọ, ínǹṣì 25.5 sí 24.75, ó sì le jù ú lọ lábẹ́ ọwọ́. Bàbá ló fi hàn wá pé kéèyàn má ṣí fọ́lúùmù tán, kí àtẹ́lẹwọ́ máa wà lórí okùn nígbà tí a kò bá ta á, àti pé kí olùta máa yí ara rẹ̀ bíi sàárà, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí apá ibi tí kíkùn ti lọ sílẹ̀. Ní pálọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, kí o kẹ̀yìn sí mítà iná. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Òru ọjọ́ kan wà tí a kò lè gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, nígbà tó sì di nǹkan bí aago kan òru, jẹnẹrétọ̀ tó gbẹ̀yìn ládùúgbò kú, bóyá epo ló tán. Gbogbo òpópónà ṣókùnkùn. A ní amp kékeré kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa so gìtá mọ́ ọn kó lè fi ìka ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ṣí fọ́lúùmù, a sì rò pé kò tíì tàn án. Kò sí kíkùn rárá. Kò sí iná nínú ògiri kankan tó lè gbọ́. Ó ta okùn kan, a gbọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pìíkì tó kàn án, okùn tó gbọ̀n, ohùn tó ń rìn lọ títí tó fi wọlé sùn. Ó ta oríkì náà. Ó tún un ta. Láti inú yàrá, nínú òkùnkùn, ohùn Bàbá jáde: "Ó kù díẹ̀."

Ọjọ́ ìbí pé. Wọ́n na kánópì sí ojú títì, kúlà ìrẹsì wà nílẹ̀, Bàbá wọ gíní àwọ̀ ewé. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi gbé iná, ẹ̀rọ DJ àti ti wa jọ wà lórí wáyà kan náà, gìtá náà sì kùn bí kò ṣe kùn rí. A wo ara wa. Ọ̀rẹ́ wa yí síwá, ó yí sẹ́yìn, ibi kan ṣoṣo tí ó ti dákẹ́ díẹ̀ ni ibi tó ti dojú kọ ògiri ilé, tó kẹ̀yìn sí gbogbo àlejò àti bàbá rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ojú ń tì í. Onílù wa dá gángan dúró. Kíkùn nìkan ló kù, yùn-ùn.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò dára tó, ìka ti ṣòógùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá tó wá láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ìyá àgbà tí kò sẹ́ni tó sọ fún pé ohunkóhun fẹ́ ṣẹlẹ̀, wà nídìí ìrẹsì rẹ̀. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló ń pe ìyá wa?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó dìde, ó rọra rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbi ògiri, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó yí fọ́lúùmù gìtá náà wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."